Aáyù lílọ̀ inú ìgò: bí kò bá rùn, ṣé kò tíì bàjẹ́ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyàwó àti ìyá ọkọ ní Ṣàngó, n'Ìbàdàn, wọ́n sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa pé ká bá àwọn dá sí i. Ìyàwó lọ aáyù pọ̀ mọ́ atalẹ̀, ó kó o sínú ìgò, ó da òróró lé e lórí dáadáa, ó dé e pinpin, ó gbé e sínú fíríìjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ìyá ọkọ fẹ́ se ọbẹ̀, ó rí ìgò, ó ní kí wọ́n lọ dà á nù. Ìyàwó fárígá. "Màámi, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò ná. Ṣé ó rùn ni? Ṣé ó hu nǹkan kan ni?" Kò rùn lóòótọ́. Kò sì hu nǹkan kan. Ìyá takú pé òun ò ní fi í se ọbẹ̀ òun.

Ẹni tó bá dá ẹjọ́ ìyàwó àti ìyá ọkọ, ọ̀tá ló ń wá fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n wádìí rẹ̀, mo sì ti wádìí rẹ̀. Ìyá ló jàre o. Kì í ṣe torí pé ó jẹ́ àgbà, kì í sì í ṣe torí pé ìyàwó jẹ́ ọ̀bùn. Ohun tó fà á ni pé nínú gbogbo ọ̀nà tí aáyù lílọ̀ fi ń bàjẹ́, èyí tó lè pa èèyàn ni èyí tí imú ò lè gbóòórùn rẹ̀, tí ojú ò sì lè rí. Òróró tí ìyàwó dà lé e lórí pé kó má bàjẹ́, òun gan-an ló dá kún ewu náà. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ n rò ó fún yín.

TA LÓ LÁYÈ LÁTI MÁA BÓ AÁYÙ LÓJOOJÚMỌ́?

Ẹni tó bá mọ Ṣàngó dáadáa á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìgò aáyù fi pọ̀ níbẹ̀. Láti Mọ́kọ́lá wá sí Ṣàngó, kọjá níwájú Pólì, títí dé Yunifásítì àti Agbowó, àìmọye èèyàn ló ń gbé yàrá kan tàbí méjì: akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tí kò ní wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ta ló fẹ́ jókòó ní agogo mẹ́jọ alẹ́ máa bó ọmọ aáyù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí òórùn rẹ̀ á tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì nínú mọ́tò? Ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ni wọn á rà á, wọn á bó o, wọn á gbé e lọ sọ́dọ̀ alọta tàbí kí wọ́n kó o sínú bílẹ́ńdà, ó di oṣù kan nìyẹn. Èmi ò rí i bí ìwà ọ̀lẹ. Ayé ló dà bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta ata àti àlùbọ́sà lọ́jà Ṣàngó wò mí tìkà-tẹ̀gbin nígbà tí mo béèrè ọ̀rọ̀ aáyù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, inú àgbo la mọ aáyù sí. Bàbá mi á gún un mọ́ àgúnmu, gbogbo ilé á máa rùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ ń fi í se ìrẹsì." Òótọ́ ni ìyá sọ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni o, ìrẹsì díndín ni o, adìẹ tí wọ́n fẹ́ rẹ sínú èròjà kí wọ́n tó yan án ni o, kò sí èyí tí aáyù kì í wọ̀ lónìí.

Òkè Ọya ni aáyù ilẹ̀ wa ti ń wá, láti Sókótó, Kébbí, Kánò àti àyíká wọn. Tafarnuwa ni àwọn Hausa ń pè é. Èyí tó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá náà wà lórí àtẹ, torí àwọn ará Ṣáínà ló ń gbin èyí tó ju ìdajì gbogbo aáyù àgbáyé lọ. Ọ̀nà jíjìn yìí wà lára ohun tó ń mú kí èèyàn fẹ́ tọ́jú aáyù pamọ́. Ẹ ò tíì gbàgbé ọdún 2021. Ní oṣù kejì ọdún náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà Ṣáṣá, lọ́nà Òjòó, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ìjọba ti ọjà pa. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya ní àwọn ò kó ohunkóhun wá sí apá Gúúsù mọ́. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi dì í mú kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àlùbọ́sà di ohun tí wọ́n ń fi ojú wá. Irú nǹkan báyìí ló ń kọ́ èèyàn pé bí nǹkan bá wà lọ́jà, kó rà á, kó lọ̀ ọ́, kó tọ́jú rẹ̀. Ibi títọ́jú rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

ÌBÀJẸ́ TÍ OJÚ Ń RÍ

Aáyù tó ṣì wà lódindi nínú èèpo rẹ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò oníhò, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, tí oòrùn ò ti pa á, tí omi ò kán sí i, ó lè lo oṣù mélòó kan láìṣe nǹkan kan. Ọ̀rá tí wọ́n dì pa ló ń bà á jẹ́, torí omi ara rẹ̀ á há sínú ọ̀rá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun. Bí ọmọ aáyù bá ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tó ti dúdú, tàbí tó ti gbẹ di òfìfo nínú èèpo, ó ti lọ nìyẹn. Èyí tó bá ti ń rúwé láti àárín kò ní májèlé nínú. Ó kàn lè korò díẹ̀ ni, ẹ yọ ewé àárín náà kí ẹ máa fi se ọbẹ̀ yín lọ.

Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Òórùn aáyù tá a mọ̀ yìí, tó ń le èèyàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni nínú mọ́tò, kò sí lára aáyù kí wọ́n tó gé e. Ìgbà tí ọ̀bẹ tàbí ọlọ bá kàn án ni èròjà méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pàdé, àwọn ni wọ́n ń bí òórùn náà. Ó sì le débi pé ó lè bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ní òun á fi imú yẹ aáyù lílọ̀ wò, imú rẹ̀ ti há sínú òórùn aáyù fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ìbàjẹ́ kan wà tí kò fara pamọ́. Bí ẹ bá ṣí ìgò tó pariwo fọ̀ọ́ọ̀, tó ń yọ ìfófó, tàbí tí ìdérí rẹ̀ ti wú sókè, ó ti bàjẹ́. Bí ó bá kan lẹ́nu ìgò bí ògì ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí kò sí ohun kíkan kankan tí ẹ fi sí i, ó ti bàjẹ́. Bí ó bá ń fà bí ọbẹ̀ ilá, tàbí tí ó hu irun funfun tàbí dúdú lórí tàbí létí ìgò, ó ti bàjẹ́. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi ṣíbí bu òkè rẹ̀ nù kí ẹ máa lo ìsàlẹ̀. Gbogbo ìgò náà ló ń lọ.

Èyí tí àwọn èèyàn sì máa ń dà nù láìnídìí ni aáyù tó di àwọ̀ ewé. Wọ́n á lọ̀ ọ́ lónìí, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i tàbí kí wọ́n da fínígà sí i, bó bá di ọ̀la ó ti di àwọ̀ ewé, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ lè di búlúù. Wọ́n á ní ẹ gbà wá o, májèlé ti wọ̀ ọ́! Kò sí májèlé kankan níbẹ̀. Èròjà inú aáyù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá pàdé ohun kíkan. Àwọn ará Ṣáínà tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ rẹ aáyù sínú fínígà ní ìgbà òtútù wọn kó lè di àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀. Laba ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé: èyí tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan là ń sá fún, èyí tó lè pani là ń gbé lé orí iná.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ KÁNÁDÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń dẹ́rù bà á lásán, kó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1985, ní ìlú Vancouver, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ilé oúnjẹ kan ra aáyù gígé tí wọ́n rẹ sínú òróró ẹ̀wà sóyà, èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe sínú ìgò. Wọn ò tọ́jú rẹ̀ sínú ohun tó tutù. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún náà, èèyàn 36 ló jẹun níbẹ̀ tí wọ́n sì dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ibi tó ti burú ni pé kì í ṣe ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Àlejò wà nínú wọn, kálukú ti padà sílùú rẹ̀, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n pín sí. Dókítà tó bá yẹ ọ̀kan wò kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbòmíràn. Wọ́n ń sọ fún àwọn kan pé rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀, wọ́n ń sọ fún àwọn kan pé àrùn iṣan ni, wọ́n tiẹ̀ sọ fún àwọn mìíràn pé ọpọlọ wọn ni kò pé. Ìgbà tí ìyá kan àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé tó jìnnà réré sí Vancouver, ni àṣírí tú. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣàdédé mú ìyá àti ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n jọ jẹ, wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé ilé oúnjẹ náà, wọ́n sì rí i pé májèlé tí wọ́n ń pè ní botulism ni, inú aáyù inú òróró ló sì ti wá.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1989 nílùú Kingston, ní ìpínlẹ̀ New York. Èèyàn mẹ́ta ló jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi irú aáyù bẹ́ẹ̀ sí, àìsàn kan náà ló gbé wọn ṣánlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta aáyù inú òróró gbọ́dọ̀ fi èròjà kíkan sí i, kí wọ́n sì kó èyí tí kò ní in kúrò lórí àtẹ. Òfin náà ò dá lórí bóyá ó rùn tàbí kò rùn.

BÍ KÒKÒRÒ NÁÀ ṢE Ń ṢE É

Ìwé mẹ́wàá lèmi kà, n ò lọ sí Yunifásítì, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Inú ilẹ̀ náà ni aáyù ti ń ta. Bí ayé kò bá rọrùn fún kòkòrò yìí, á wọ inú èèpo líle kan, á sùn síbẹ̀ bí ìgbín ṣe ń sùn lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Bó bá ti wà nínú èèpo yẹn, omi híhó ò lè pa á. Ẹ fọ aáyù, ẹ bó o, ẹ bọ̀ ọ́ lórí iná, ó lè ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ́ mì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní nǹkan kan. Ojoojúmọ́ là ń jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ láìmọ̀.

Bó bá jí ni wàhálà dé. Kó tó lè jí, ó ń fẹ́ ibi tí kò sí atẹ́gùn, tó ní omi, tí kò kan, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wá wo aáyù lílọ̀ tí wọ́n da òróró bò. Òróró ti lé atẹ́gùn lọ. Omi wà nínú aáyù. Aáyù ò kan rárá bí ẹ bá fi í wé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí tòmátò. Ooru Ìbàdàn ló wá kù, ìyẹn ò wọ́n wa. Bó bá jí tán, á máa pọ̀ sí i, á máa tu májèlé rẹ̀ síbẹ̀, májèlé náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ìtọ́wò rẹ̀ ò yàtọ̀. Díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ tó láti pa èèyàn.

Àwọn ìyá wa ló kọ́ wa pé ká máa da òróró lé ata díndín kó lè pẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ó sì ní ohun tó ń ṣe lóòótọ́: ohun tó ń hu irun ò lè hù níbi tí kò sí atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n irun yẹn àti òórùn yẹn ni ìbá ké sí wa pé ká má jẹ ẹ́. Ńṣe ló dà bí ẹni tó lé ajá rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà torí pé ó ń gbó, tí olè wá rí àyè wọlé. Ata tí tòmátò pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì ní kíkan tó lè dá kòkòrò náà dúró. Tàtàṣé nìkan tàbí aáyù nìkan kò ní irú kíkan bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ: "Ṣebí a máa sè é ni, iná á pa májèlé náà." Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí oúnjẹ bá hó gan-an fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, májèlé náà á bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò inú èèpo ò ní kú. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi aago wo aáyù? Àwọn kan ń fi í sí ìrẹsì díndín nígbà tí ìrẹsì ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń fi í pa ẹran tí kò ní pẹ́ lórí iná súyà. Àwọn kan ń lá ṣíbí kí wọ́n tó dé ìgò padà, wọ́n ní àwọn ń tọ́ ọ wò bóyá ó ṣì dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́ ọ wò. Títọ́wò yẹn nìkan tó.

NẸ́PÀ ÀTI ÌGÒ AÁYÙ

Báwo la ṣe wá fẹ́ tọ́jú rẹ̀? Ẹni tó bá ní fíríìjì tó tutù dáadáa, tí kò ju dígírì mẹ́rin lọ, lè fi aáyù lílọ̀ inú òróró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọjọ́ mẹ́rin ni o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ̀ ọ́ sára ìgò, torí kò sẹ́ni tó lè rántí. Èyí tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì ìdáná láti àárọ̀ di alẹ́, kí wọ́n má tún gbé e padà sínú fíríìjì.

Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú fírísà ló yẹ kó wà. Ẹ lọ̀ ọ́ láìfi òróró sí i, ẹ bù ú sínú ike tí wọ́n fi ń ṣe áìsì, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá kéékèèké, ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sínú ọ̀rá kan. Bó bá ti dì gbagidi, kòkòrò náà ò lè ṣe nǹkan kan, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò nìkan ni kí ẹ mú jáde, kí ẹ jù ú sínú ìkòkò bẹ́ẹ̀ láìdúró kó yọ́.

Ṣùgbọ́n n ò lè kọ̀wé sí ará Ìbàdàn nípa fírísà kí n má sọ̀rọ̀ iná. Láti ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ aládàáni ti gba pínpín iná n'Ìbàdàn lọ́wọ́ ìjọba, NẸ́PÀ náà la ṣì ń pè wọ́n. Ní ọdún 2024, àìmọye ìgbà ni wáyà iná àpapọ̀ ilẹ̀ yìí dákú tí gbogbo wa wọ òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ nìyí: bí iná bá lọ, fíríìjì tí ẹnikẹ́ni ò ṣí lè tutù fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Fírísà tó kún lè dì fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún wákàtí 24, bí ẹ ò bá ṣáà máa ṣí i wò. Iná tó bá lọ ní agogo mẹ́wàá alẹ́ tí kò dé títí di agogo mẹ́fà àárọ̀, wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Aáyù inú òróró tó wà nínú fíríìjì yẹn ti kọjá ohun tí èèyàn ń jẹ. Ìyàwó tó kọ̀wé sí wa ní inú fíríìjì ni ìgò òun wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbà. Wákàtí mélòó ni iná fi wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà? Fíríìjì tí kò níná, kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Ẹni tí iná rẹ̀ kò dájú, ìmọ̀ràn tí èmi máa fún un ni pé kó fi aáyù sílẹ̀ lódindi nínú apẹ̀rẹ̀, kó máa lọ ìwọ̀n tó fẹ́ sè. Wàhálà bíbó? Ẹ tú u sí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èèpo á bọ́ fúnra rẹ̀. Tàbí kí ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sá a títí á fi máa dún pàkà bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, kí ẹ gún un, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ tí omi ò ní kàn. Kòkòrò náà ò lè jí níbi tó gbẹ. Ọmọ aáyù bíbó tí fínígà bò mọ́lẹ̀ náà lè wà nínú fíríìjì fún bí oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọsàn wẹ́wẹ́ kán-ín-kán-ín tàbí iyọ̀ ṣíbí kan ti tó láti sọ ìgò òróró di ohun tí kò léwu. Kò tó.

Èyí tí wọ́n ń tà ńkọ́? Aáyù inú ìgò tí ilé iṣẹ́ ṣe, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé èròjà kíkan tàbí fínígà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò tí wọ́n ti lò rí, tí òróró léfòó lórí rẹ̀, tó wà nínú oòrùn láti àárọ̀, èmi ò ní rà á. Ànńtí kan tó ń ta irú rẹ̀ bínú sí mi: "Ṣé o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni, bùrọ̀dá oníròyìn?" Rárá o. Mo ní kó lọ aáyù náà níwájú oníbàárà, tàbí kó dì í gbagidi kó tó tà á. Ó ní òun á rò ó.

BÓ BÁ TI WỌ ARA

Ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí, ẹ̀yin ará. Ó sábà máa ń tó wákàtí 12 sí 36 lẹ́yìn oúnjẹ kí àìsàn náà tó fara hàn, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ mélòó kan, débi pé èèyàn á ti gbàgbé ohun tó jẹ. Ojú ló máa ń kọ́kọ́ mú. Ìpéǹpéjú á máa wálẹ̀, á máa rí nǹkan kan ní méjì-méjì. Ẹnu á gbẹ, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀, oúnjẹ ò ní gbà lọ́fun. Lẹ́yìn náà ni agbára á tán ní ọrùn, ní apá, ní àyà, títí dé ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ kì í sábà gbóná. Ọpọlọ rẹ̀ sì pé, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ.

Ẹ ro ohun tí àwa á sọ bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lágboolé wa. Ẹni tó dìde ní àná, ohùn rẹ̀ ti lọ, ojú rẹ̀ ti ń pa dé, ọwọ́ rẹ̀ ò lè gbé ife. A ó ní àwọn ayé ni, wọ́n ti ta á lọ́fà. Bí àwọn dókítà Kánádà bá lè pè é ní àrùn ọpọlọ, ta ló máa bá wa wí? Ṣùgbọ́n àkókò ò sí. Iṣan tó ń fa èémí ni májèlé náà ń lọ bá. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lọ́gán, láti Ṣàngó, UCH ò jìnnà, ó kọjá Mọ́kọ́lá díẹ̀. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, torí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ò gba nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ. Ẹ gbé ìgò tàbí ọbẹ̀ tó jẹ kù dání. Ẹ sọ fún dókítà pé aáyù inú òróró wà nínú ohun tó jẹ, bó ò tilẹ̀ béèrè. Oògùn tó ń dá májèlé náà dúró wà láyé, ṣùgbọ́n kì í tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe, nítorí náà bí wọ́n bá ṣe tètè fún un ló ṣe dára sí. Ẹ wo àwọn tó kù tí wọ́n jọ jẹun náà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù fún àwọn tó ń rẹ aáyù sínú oyin fún ikọ́. Oyin kan díẹ̀, ó sì ki, kò rọrùn fún kòkòrò náà bí òróró. Ṣùgbọ́n omi aáyù máa ń tú oyin náà, nítorí náà díẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ohun tó tutù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin rárá, yálà aáyù wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, torí kòkòrò inú èèpo tí kò lè ṣe àgbà ní nǹkan kan lè jí nínú ìfun ọmọ ọwọ́.

Ní ti ìgò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kí ìyàwó má ṣí i mọ́ láti tún gbóòórùn rẹ̀. Kó má dà á sẹ́yìnkùlé níbi tí adìẹ, ewúrẹ́ tàbí ajá lè dé, torí májèlé náà ń pa ẹran ọ̀sìn. Kó dì í pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, kó so ó le, kó jù ú sínú ohun ìdalẹ̀nù tó ní ìdérí, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ àti ibi tí òróró ìgò náà bá kán sí nínú fíríìjì.